James Arness tó ṣe Matt Dillon: kí ni ká fi sínú ojú-ìwé Wikipedia Yorùbá, kí ni ká yọ?

Ọmọ_Akọ̀wé
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ kọ ojú-ìwé James Arness sórí Wikipedia èdè Yorùbá, òṣèré eré kaboi tó ṣe Marshal Matt Dillon nínú Gunsmoke. Ohun tí mo ń rí ń ta kora wọn. Ibì kan ní apá 635 ni eré náà ní, ibòmíràn ní 640. Ibì kan ní John Wayne, ìràwọ̀ fíìmù ńlá, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ipa náà lọ̀. Òmíràn ní 1952 ló bẹ̀rẹ̀, òmíràn ní 1955. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti mú un, àwọn àṣìṣe wo ni kí n sì ṣọ́ra fún?

Baba_Rédíò
Orúkọ ni kí o ti mú un, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. James King Aurness ni wọ́n bí i, ní Minneapolis, ìpínlẹ̀ Minnesota, ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 1923. Lẹ́tà «u» wà nínú orúkọ ìdílé náà. Nígbà tó wọ fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀, The Farmer's Daughter, ní 1947, ni ilé-iṣẹ́ RKO yọ «u» kúrò. Torí náà, tí o bá bá «Aurness» pàdé nínú ìwé ológun rẹ̀, òun náà ni, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ọmọ rẹ̀ Rolf kò yọ ọ́ ní tirẹ̀: Rolf Aurness ló gba ipò kìíní lágbàáyé nínú eré gígun ìgbì òkun lórí pátákó ní 1970, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n bí ní 1926 tún da ọ̀rọ̀ rú díẹ̀ sí i. Peter Graves nìyẹn, ọ̀gá nínú Mission: Impossible. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọmọ bàbá kan náà, orúkọ orí ìgbàgede ló pín wọn níyà.

Ní ti 1952 àti 1955, òótọ́ ni méjèèjì. Orí rédíò ni Gunsmoke ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1952, Norman Macdonnell àti John Meston ló dá a sílẹ̀. Ti tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ lórí CBS lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1955. Ti rédíò kò sì dúró nígbà tí ti tẹlifíṣọ̀n dé: wọ́n jọ ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí di oṣù Kẹfà 1961. Arness kò ṣe ti rédíò rí. William Conrad ló ń sọ̀rọ̀ Matt Dillon níbẹ̀, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ dún bí ìlù bẹ̀ǹbẹ́, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ tóbi ju ohun tí CBS fẹ́ lójú amóhùnmáwòrán lọ.

Èyí ṣe pàtàkì nítorí àwọn tó ń kọ̀wé máa ń po méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n rèé: tí ìwé kan bá pe ọmọ ẹ̀yìn Marshal ní Chester Proudfoot, rédíò ló ń sọ. Ti tẹlifíṣọ̀n ni Chester Goode. Dókítà orí rédíò ni Charles Adams, ti tẹlifíṣọ̀n ni Galen Adams.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀_Fíìmù
Baba ti sọ ti orúkọ. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹsẹ̀ rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè lóye bí ọkùnrin yìí ṣe ń ṣeré tí kò bá mọ ohun tó ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

Arness fẹ́ wa ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ojú rẹ̀ kò dára tó, gíga rẹ̀ sì pọ̀ jù: wọn kò gbà ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 2 lọ, òun sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 7. (Tí o bá fẹ́ kọ ọ́ ní sẹ̀ǹtímítà, íńṣì 79 ló jẹ́, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 201. Má kọ 210 bí mo ṣe rí i níbì kan.) Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi í sí, ìpín kẹta, ìyẹn 3rd Infantry Division. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kìíní 1944 wọ́n gúnlẹ̀ sí Anzio ní Ítálì. Nítorí pé òun ló ga jù, òun ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ bọ́ sínú omi, kí wọ́n lè mọ bí omi náà ṣe jìn tó. Omi mu ún dé ìbàdí. Ìgbà tó di oṣù tó tẹ̀lé e, ọta ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ológun Bronze Star àti Purple Heart, wọ́n sì dá a padà sílé ní 1945. Ẹsẹ̀ náà kò jìnnà tán títí tó fi kú.

Wá wo bó ṣe kan iṣẹ́ rẹ̀. Ẹṣin gígùn ń dùn ún. Ìrìn gígùn ń dùn ún, bí ilẹ̀ bá sì ṣe ń ṣú sí i ni ìrora ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ya àwọn ibi tí yóò ti rìn tàbí gẹṣin ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹsẹ̀ tó le. Bí o bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa nínú àwọn apá tó gùn, wàá rí i pé ó ń tiro díẹ̀ nígbà mìíràn, àti pé ó fẹ́ràn láti dúró sójú kan, kó fara ti òpó tàbí kó jókòó sẹ́yìn tábìlì. Àwọn tó ń yìn ín pé «kò yára, kò pariwo, ó dúró bí igi ìrókò» kò parọ́, àmọ́ kì í ṣe ọgbọ́n eré nìkan ló fà á.

Ẹ̀rín tó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Chester ń gbé ẹsẹ̀ gbọọrọ tí kò ṣẹ́ lórúnkún, tí gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Dennis Weaver tó ń ṣe é kò ní àrùn kankan. Eléré ìje ni, ó dé ipò kẹfà nínú ìdíje eré mẹ́wàá nígbà tí Amẹ́ríkà ń yan àwọn tí yóò lọ Òlíńpíìkì 1948. Olùdarí ló ní kí Chester ní àbùkù ara kan kí ó má baà dà bí akọni kejì, Weaver ló sì yan ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ń tiro fún owó oṣù, ẹni tó ń tiro ní tòótọ́ ń fi í pamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko! Èmi ò ní kọ ojú-ìwé náà láìfi èyí síbẹ̀.

Ọmọ_Akọ̀wé
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ti John Wayne ńkọ́?

Kò_Sí_Ìtànjẹ
Ibi tí o ti gbọ́dọ̀ rọra nìyẹn. Ohun tó dájú: Arness wà lábẹ́ àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Wayne, ó sì bá Wayne ṣeré nínú Big Jim McLain (1952), Hondo àti Island in the Sky (1953), àti The Sea Chase (1955). Ohun tó dájú kejì: Wayne fúnra rẹ̀ ló jáde níwájú kámẹ́rà láti fi apá kìíní Gunsmoke han àwọn òǹwòran. Fíìmù ibẹ̀ wà, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Ohun tó tún dájú ni pé Wayne dámọ̀ràn Arness, ó sì rọ̀ ọ́ pé kó gbà á nígbà tó ń ṣiyèméjì.

Èyí tí kò dúró ni pé CBS fi ipa náà lọ Wayne, tí Wayne sì kọ̀ ọ́. Charles Marquis Warren tó darí àwọn apá ìbẹ̀rẹ̀ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìràwọ̀ fíìmù ńlá ṣe máa ń fojú wo tẹlifíṣọ̀n ní 1955 náà kò ti ìtàn yẹn lẹ́yìn. Tí o bá fẹ́ mẹ́nu bà á, kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn tó gbajúmọ̀, kí o sì fi ohun tí Warren wí tẹ̀lé e nínú gbólóhùn kan náà. Bí o bá fi sí ìpínrọ̀ ọ̀tọ̀, ẹni tó ń kánjú yóò ka ti àkọ́kọ́ nìkan.

Ní ti 640: ẹnì kan ló ro fíìmù márùn-ún tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà pọ̀ mọ́ 635. Iye apá tí eré gan-an ní ni 635. Má ro wọ́n pọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún àwọn tó wà níbí ní Gẹ̀ẹ́sì: tí àwọn àgbà bá ń sọ pé «Gun Law» ni wọ́n ń wò, Gunsmoke náà ni. Orúkọ tí wọ́n fi gbé e sáfẹ́fẹ́ níbí nìyẹn. Ní Jámánì, Rauchende Colts ni wọ́n ń pè é. Orúkọ kẹta tún wà: nígbà tí wọ́n ń tún àwọn apá kéékèèké gbé sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà láti 1961, Marshal Dillon ni wọ́n kọ sí wọn lórí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé eré mẹ́ta ni. Gbogbo orúkọ yẹn ni kí o fi ṣe àtúndarí sí ojú-ìwé kan ṣoṣo.

Ẹ tún ṣọ́ra fún Bonanza, torí àwọn èèyàn wa sábà máa ń po wọ́n pọ̀. Bonanza ni ti bàbá àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lórí ilẹ̀ oko Ponderosa, Lorne Greene ni bàbá náà, NBC ló ń gbé e, 1959 sí 1973, aláwọ̀ sì ni láti ọjọ́ kìíní. Bí ẹnì kan bá ní òun rántí Arness gẹ́gẹ́ bíi «bàbá Hoss», ti Bonanza ló ń rántí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀_Fíìmù
Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ_Akọ̀wé, bí o bá gbé apá kan sílẹ̀ tí o kò mọ ọdún rẹ̀, báyìí ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀.

Kọ́kọ́ wo bó ṣe gùn tó. Bí kò bá ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 26 lọ, ó wà láàárín 1955 àti 1961. Apá 233 ló wà nínú ọ̀wọ́ yẹn, gbogbo wọn dúdú-àti-funfun. Bí ó bá tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, sísìn (season) keje ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀, 402 nìyẹn. Nínú 402 náà, 176 ló jẹ́ dúdú-àti-funfun, 226 ló jẹ́ aláwọ̀, àwọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní sísìn kejìlá, 1966. Ro wọ́n pọ̀, wàá bá 635.

Lẹ́yìn náà, wo ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Marshal. Chester wà níbẹ̀ títí di 1964. Burt Reynolds gẹ́gẹ́ bíi Quint Asper, alágbẹ̀dẹ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Comanche, jẹ́ 1962 sí 1965. Newly O'Brian (Buck Taylor) jẹ́ 1967 sí òpin. Festus (Ken Curtis) ló lè tàn ọ́: 1964 ló di ẹni tó ń jáde déédéé, àmọ́ ó ti kọ́kọ́ yọjú ní 1962. Torí náà má fi Festus nìkan mọ ọdún. Bí Miss Kitty (Amanda Blake) kò bá sí rárá tí ẹlòmíràn sì ń ṣàkóso ilé ọtí Long Branch, sísìn ogún ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́, torí Amanda Blake lọ ní 1974 lẹ́yìn sísìn 19. Bí dókítà mìíràn bá gba ipò Doc, 1971 ni: Milburn Stone lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, Pat Hingle sì dì í mú fún apá díẹ̀.

Àwọn tó ṣe gbogbo sísìn ogún kò ju méjì lọ, Arness àti Stone. Ibi tí wọ́n máa ń ti ṣàṣìṣe nìyẹn, wọ́n máa ń fi Blake kún un.

Atẹ̀lé_Dodge
Ó ku ìjà ìbọn tó ṣí eré náà, ẹ ò sì tíì fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin tí Dillon ń yìnbọn fún lójú títì yẹn kì í ṣe ẹni lásán. Arvo Ojala ni, olùkọ́ ìfàbọnyọ ní Hollywood, òun ló sì kọ́ Arness. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni àpò ìbọn tí wọ́n fi irin tẹ́ nínú: irin náà kì í jẹ́ kí awọ fún kẹ̀kẹ́ ọta pinpin, nítorí náà èèyàn lè fa òòlù ìbọn sẹ́yìn nígbà tó ṣì wà nínú àpò. Ibẹ̀ ni ìyára náà ti ń wá. Tún wò ó dáadáa: ọ̀tá ló kọ́kọ́ yìnbọn, ó tàsé, kí Dillon tó yìn tirẹ̀. Agbófinró tó kọ́kọ́ yìnbọn kò ní bá ìwà ẹni tí wọ́n ń kọ mu.

Nínú àwọn sísìn ìbẹ̀rẹ̀, apá mìíràn tún máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dillon tó ń rìn láàárín sàréè ní Boot Hill, tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìyẹn ju ìjà ìbọn lọ.

Má sì kọ pé Dodge City ni wọ́n ti ya á. Dodge City ìpínlẹ̀ Kansas ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní àwọn ọdún 1870 tí wọ́n ń da màlúù láti Texas wá síbẹ̀. Kalifọ́níà ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù, lára rẹ̀ ní ilẹ̀ oko Gene Autry tó ń jẹ́ Melody Ranch, tí iná jó ní 1962. Matt Dillon fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìtàn Kansas. Wyatt Earp àti Bat Masterson ló ṣiṣẹ́ agbófinró ní Dodge ní tòótọ́.

Kò_Sí_Ìtànjẹ
Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àyàfi ohun kan tí ẹ ń gbójú fò. Ẹ ń kọ ọ́ bíi pé Arness ló gbé eré náà lórí fún ogún ọdún. Ní àwọn sísìn ẹ̀yìn, Dillon máa ń yọjú ní ìbẹ̀rẹ̀, á tún yọjú ní ìparí, àlejò òṣèré ló sì ń gbé àárín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú kó lọ wo àwọn apá ìṣẹ́jú 26, níbi tí Meston ti ń kọ ọ̀rọ̀ ṣókí, tí Arness sì wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìran.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n fa Arness kalẹ̀ fún Emmy, ẹ̀bùn tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, nígbà mẹ́ta, kò gba ọ̀kan. Weaver gba tirẹ̀ ní 1959, Stone ní 1968, eré náà sì gba ti eré tó dára jù fún 1957. Gunsmoke ló wà ní ipò kìíní lójú òǹwòran Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́rin léra, 1957 sí 1961, olórí òṣèré rẹ̀ kò sì rí ère kan gbé sílé. Ìdájọ́ tèmi ni pé wọ́n rò pé ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀_Fíìmù
Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n fi 1967 kún un. CBS ti pa eré náà lọ́dún yẹn. William Paley, alága ilé-iṣẹ́ náà, ló ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n gbé e kúrò ní alẹ́ Sátidé lọ sí alẹ́ Mọ́ńdè, agogo 7:30, Gilligan's Island ló sì fi ipò sílẹ̀ fún un. Láàárín ọdún kan, ó ti padà sáàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́. Àkókò ló ń pa á, kì í ṣe eré.

Nígbà tí òpin dé ní tòótọ́, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1975, kò sí apá ìdágbére. Bí o bá ń wá ìran tí Dillon ti bọ́ báàjì sílẹ̀ níbẹ̀, o ò ní rí i.

Baba_Rédíò
Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣe Zeb Macahan nínú How the West Was Won lórí ABC, 1976 sí 1979. Irùngbọ̀n, aṣọ awọ, ọ̀rọ̀ líle, kò jọ Dillon rárá. Ìpínrọ̀ kan ni ọ̀pọ̀ máa ń fún un, ó sì tó méjì, torí pé Yúróòpù fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. McClain's Law (1981 sí 1982) kò pẹ́, gbólóhùn kan ti tó o. Fíìmù Gunsmoke márùn-ún jáde ní 1987, 1990, 1992, 1993 àti 1994. Amanda Blake padà wá fún ti 1987, Kánádà ni wọ́n sì ti ya ìyẹn. Ti 1990 fún Dillon ní ọmọbìnrin, láti ara apá kan ti 1973 tí Dillon ti pàdánù ìrántí rẹ̀. Bí o kò bá wo ti 1973 ṣáájú, ti 1990 kò ní yé ọ.

Bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó ṣe ẹni kan náà ní ẹ̀wádún márùn-ún nìyẹn, láti àwọn ọdún 1950 dé àwọn ọdún 1990.

Ọmọ_Akọ̀wé
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Báwo ni kí n ṣe pe «U.S. Marshal»? Mo kọ «ọlọ́pàá».

Atẹ̀lé_Dodge
Ọlọ́pàá kò bá a mu. Ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ni Marshal ń ṣiṣẹ́ fún: ó ń mú ẹni tí adájọ́ ní kí wọ́n mú, ó ń jẹ́ iṣẹ́ ilé-ẹjọ́. Akódà ayé àtijọ́ ló sún mọ́ ọn jù lọ nínú èdè wa. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ «Akódà Dillon», òǹkàwé á rò pé Ìbàdàn ló wà. Fi «Marshal» sílẹ̀, kí o sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré: agbófinró ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Má pe Chester ní igbákejì Marshal, kò gba báàjì, olùrànlọ́wọ́ ni. Festus ni igbákejì.

Ọmọ_Akọ̀wé
Ẹ bá mi wo ìbẹ̀rẹ̀ yìí: «James Arness (26 oṣù Karùn-ún 1923 – 3 oṣù Kẹfà 2011) jẹ́ òṣèré ará Amẹ́ríkà tó ṣe Marshal Matt Dillon nínú Gunsmoke lórí CBS láti 1955 dé 1975, eré tó ní sísìn tó pọ̀ jù lọ nínú ìtàn tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ó kú sí Los Angeles lẹ́ni ọdún 88.»

Kò_Sí_Ìtànjẹ
Gbólóhùn àárín kò tọ̀nà mọ́. The Simpsons ti kọjá sísìn ogún tipẹ́, lóṣù Kẹrin 2018 ló sì kọjá apá 635. Law & Order bá a dọ́gba ní ogún ní 2010, ó sì kọjá rẹ̀ nígbà tó padà wá ní 2022, Law & Order: SVU kọjá rẹ̀ ní 2019. Kọ «eré tó lo sísìn ogún» kí o sì dúró níbẹ̀. Ìyókù pé.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Kí o sì fi «tí a bí sí James King Aurness» sáàárín orúkọ àti ọjọ́ ìbí kí o tó tẹ̀ ẹ́ síta.